Ilé Oyin Méjìlá Tuda

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín dáná sí i," Idder wí.

Tuda, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń kó àwọn ilé oyin rẹ̀ lọ sétí kòtò tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn ọgbà álímọ́ńdì. Ilé méjìlá ni. Dókítà ẹran ti wá láàárọ̀, ó ti igi tín-ín-rín bọ ọmọ oyin kan, ohun tó bá igi jáde ń fà bí ikun. Ó ní àrùn náà kò gbóògùn, àfi kí wọ́n sun gbogbo rẹ̀ kó tó ran oyin àwọn aládùúgbò.

"Ilé mẹ́ta péré ló ṣàìsàn," Tuda wí. "Àwọn mẹ́sàn-án yòókù ṣì ń kó oúnjẹ wálé."

"Wọn ò mọ̀ ni."

"Ìwọ lo wá mọ̀."

Idder ló ń tọ́jú ẹ̀rọ awòràwọ̀ lórí òkè. Nídìí tíì, ó máa ń sọ pé àwọn kan lè wà lójú ọ̀run tí ọgbọ́n wọn ju tiwa lọ bí tiwa ṣe ju ti oyin lọ. Ó ní ọgbọ́n tó tó bẹ́ẹ̀, àánú ni yóò bí. Tuda a máa ní kí wọ́n tètè wá bá òun tún òrùlé ṣe.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, Tuda fi amọ̀ dí ẹnu àwọn ilé náà. Wọ́n ń kùn nínú.

"Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé fún wọn?"

"Kò sí bí ẹ ṣe máa ṣe é."

"Àwọn tìrẹ tó wà lókè ńkọ́? Bí wọ́n bá dé, ṣé wọ́n á ṣàlàyé fún wa?"

"Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Bóyá wọ́n á ṣáà káàánú wa."

"Èmi náà káàánú àwọn wọ̀nyí."

Ó da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná. Kíkùn náà ròkè, ó sì dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn oyin díẹ̀ tó sùn sóko padà dé. Wọ́n ń yí ilẹ̀ tó ṣófo po. Idder mú aṣọ láti fi lé wọn.

"Fi wọ́n sílẹ̀."

Tuda jókòó sórí òkúta láàárín wọn. Ọkọ̀ tó máa ń gbé Idder lọ sórí òkè fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì lójú títì. Idder ju ọwọ́ sí awakọ̀ pé kó máa lọ, ó sì jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.