Halelúyà Tí Dorcas Gbé Mì

Bí Dorcas bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sí ẹni tí kì í gbọ́ ládùúgbò. Abọ́ tánganran ló ń tà ní Ọjà Akẹ̀sán, ohùn náà ló sì fi ń tà á. Gabriel ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́lẹ̀kájà, máa ń sọ pé òun kò nílò fèrè ọkọ̀ mọ́ bí ìyàwó òun bá ti jókòó.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1956, Gabriel kó àwọn ará ìjọ lọ wo igbó Ọ̀yọ́-Ilé, níbi tí ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má pa ẹran mọ́. Wọ́n fẹ́ rí ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá, kí wọ́n sì fojú kan ẹranko. Mùílì, aṣọ́gbó kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló pàdé wọn lẹ́nu igbó.

"Ẹ kú ìrìn o. Ilé àwọn ẹranko la fẹ́ wọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo, ẹ má ju oúnjẹ sí wọn, ẹ má sì sọ̀kalẹ̀ àfi tí mo bá sọ. Tí ẹfọ̀n bá yọ, ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ariwo ló ń mú kó kọlu èèyàn." Ojú rẹ̀ bọ́ sára agogo tí Dorcas gbé dání. "Ìyá, agogo yìí ńkọ́?"

"Agogo àdúrà ni. Àbí ìjọba ti fòfin de Ọlọ́run náà ni?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Mùílì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ lórí pé agogo kò gbọdọ̀ dún. Dorcas fi ìbínú tú gèlè rẹ̀, ó fi wé agogo náà, ó sì gbé e lé itan bí ọmọ tó ń sùn.

Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín; omi rẹ̀ ti gbẹ. Mùílì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí Gabriel nìkan sọ̀kalẹ̀ lọ bu omi sí i. Gabriel ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń dúró kí irin tutù.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹfọ̀n yọ nínú koríko gíga, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ó dúró, ó tẹjú mọ́ Gabriel. Mùílì fi ìka lé ètè, ó sì ṣẹ́wọ́ sí Gabriel pé kó má mira.

Dorcas lanu. "Jésù!" ti dé ọ̀fun rẹ̀, "Bàbá Olúyẹ́misí!", bó ṣe ń pe ọkọ rẹ̀, sì ń tì í lẹ́yìn. Láti kékeré, ariwo ló fi ń lé ibi lọ. Bí kò bá ké, ta ni yóò gba ọkọ rẹ̀ là? Bí ó bá sì ké ńkọ́? Ó wo ojú Mùílì, ó fa etí gèlè tó wà lára agogo, ó sì kì í bọ ẹnu ara rẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

Ẹfọ̀n gbọn etí. Ó wo ọkọ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì rọra sọdá ọ̀nà, koríko sì bò wọ́n.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Dorcas àti Gabriel wá Mùílì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n bá a nílé, lẹ́bàá Sábó. Dorcas gbé abọ́ ọlọ́mọrí tuntun síwájú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, ìyá, ẹ jọ̀ọ́! Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún yín ni mo máa ń sọ fún gbogbo àlejò, ọ̀pọ̀ wọn kì í gbọ́. Ẹ̀yin gbọ́. Èmi ni mo dúpẹ́."

Dorcas mú agogo jáde. Gèlè ṣì wà lára rẹ̀. "N ò tíì tú u láti ọjọ́ náà. Halelúyà tí mo gbé mì ṣì ń bẹ nínú mi, ojú yín ni mo fẹ́ kó ṣe. Ṣùgbọ́n àdúgbò yín rèé, mùsùlùmí ni yín, n ò mọ̀ bóyá..."

Mùílì wo Gabriel, tó jókòó láàyè lórí ẹní.

"Ìyá mi, kò sí ẹfọ̀n ní Sábó. Ẹ lù ú."

Ó lù ú. Ó ké halelúyà, gbogbo Sábó sì sáré jáde. Mùílì, tí iṣẹ́ igbó ti sọ di ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ló ṣe àmín tó ròkè jù.