Òkítì Ẹ̀rí

Bí Bàbá Títíloyè bá ti ṣí Bíbélì, kí ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná nílé yáa tètè lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo ìjọ Yorùbá tó wà ní Ugbowo ní Benin ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo nínú ẹsẹ kan tó láti gba gbogbo àkókò kíláàsì Bíbélì lọ́wọ́ wọn. Á ní Bẹtẹli, ilé Ọlọ́run ni. Á ní Mara, omi kíkorò ni. Á wá máa tú orúkọ náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tú òwú tó lọ́, ojú rẹ̀ á sì máa dán. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú, orúkọ inú Bíbélì ló kù tó ń bá ṣeré.

Ní ọjọ́ Àìkú tí à ń wí yìí, eré ò sí lójú rẹ̀. Motọ́lání, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti ṣaláìsí láti ọdún mélòó kan. Láti ọjọ́ ìsìnkú náà ni Jíbọ́lá ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì, kò ti yà sílé bàbá mọ́, kò sì mú Pẹ̀lúmi ọmọ wọn wá. Bàbá ránṣẹ́ títí, ó sú u. Ní ọ̀sẹ̀ náà ló gbọ́ pé báǹkì ti gbé Jíbọ́lá lọ sí Jọ́ọ̀sì, pé ọjọ́ Ajé ni òun àti Pẹ̀lúmi ń lọ. Bàbá mọ iye ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé òun ò ní fojú kan ọmọ náà mọ́ kí òun tó kú.

Ní ìdájí, ó ti lá àlá. Motọ́lání padà di kékeré, ó ń ṣa òkúta nínú ọgbà, ó ń kó wọn síwájú aṣọ rẹ̀. Bàbá bi í pé kí ló fẹ́ fi òkúta ṣe. Ọmọ náà kàn rẹ́rìn-ín, ó ń ṣà á lọ. Títí bàbá fi dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín náà ṣì wà létí rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wọn bọ́ sí ni Gẹ́nẹ́sísì, ibi tí Lábánì ti lé Jákọ́bù bá lójú ọ̀nà. Ìyáàfin Ṣèyíọlá, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ní òun fẹ́ràn Mispa púpọ̀, pé ọ̀rọ̀ yẹn làwọn fi ń dágbére fún ara àwọn lórí fóònù, kí Olúwa máa ṣọ́ àwọn nígbà tí àwọn kò bá sí lọ́dọ̀ ara àwọn. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kó máa sọ ọ́ lọ, àdúrà tó dáa ni. Mispa, ilé ìṣọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kì í ṣe olólùfẹ́. Bàbá ìyàwó àti ọkọ ọmọ tí wọn ò fọkàn tán ara wọn ni, wọ́n ń pe Ọlọ́run kó bá wọn ṣọ́ ẹnì kejì.

Ó ní wọ́n kó òkúta jọ, wọ́n sì jẹun lórí rẹ̀. Lábánì fi èdè tirẹ̀ pe òkítì náà ní Jegari-sahaduta. Jákọ́bù fi èdè tirẹ̀ pè é ní Galeedi. Ìtumọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀, òkítì ẹ̀rí ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Lábánì fi ẹnu ko àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ó súre fún wọn, ó padà sílé.

“Bíbélì ò sì sọ fún wa,” ni bàbá wí, “pé ó tún rí wọn mọ́.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Nígbà tó máa gbé e padà sójú, Jíbọ́lá ló rí lẹ́nu ọ̀nà, Pẹ̀lúmi dì í lọ́wọ́ mú.

Abẹ́ igi furúùtù tí àwọn ará Benin ń pè ní ebelebo ni wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Jíbọ́lá kò dọ̀bálẹ̀, orí lásán ló tẹ̀. Ó ní ibojì ìyá Pẹ̀lúmi làwọn ń lọ láti dágbére, ọmọ ló ní dandan káwọn yà kí bàbá àgbà. Ó wo ilẹ̀ títí.

“Daddy, lọ́jọ́ tí a sin Tọ́lání, ojú ọ̀nà ni mò ń wò. Gbogbo ayé wá. Ẹ̀yin ò wá.”

Ó rú bàbá lójú. “Ta ni ì bá jẹ́ kí n wá? Nílé wa, wọn kì í jẹ́ kí bàbá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Inú yàrá ni wọ́n ká mi mọ́. Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ tó gbé e kọjá, Jíbọ́lá. Mo gbọ́ ọ.”

Benin ni wọ́n bí Jíbọ́lá sí, àwọn òbí rẹ̀ kú ní kékeré rẹ̀, àwọn tó tọ́ ọ kì í ṣe Yorùbá. Ta ni ì bá sọ fún un? Bàbá ní tirẹ̀ rò pé ẹni tó bá ń jẹ́ Jíbọ́lá á ti mọ̀. Ó mọ ìdí orúkọ gbogbo ìlú tó wà ní Kénáánì, kò sì bi ọkọ ọmọ rẹ̀ léèrè rí pé ta ló tọ́ ọ. Ó dùn ún wọra.

Pẹ̀lúmi fà á láṣọ. “Grandpa, I sabi the place. Make I show you.”

Bàbá mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa òkúta kan nídìí igi náà, ó gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́. “Bá mi fi síbẹ̀. Má sọ ibi tó wà fún mi.”

Nígbà tí wọ́n lọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan, àwọn kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà tó lọ sí Èkó ń yọ nínú kùrukùru, wọ́n tún ń rá. Oorun gbé e lọ. Motọ́lání tún dé pẹ̀lú òkúta níwájú aṣọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jókòó lé e bí ẹni tó rẹ̀.

Ọwọ́ kékeré kan ló jí i. Pẹ̀lúmi ti ki ọwọ́ bọ ọwọ́ ọ̀tún bàbá, erùpẹ̀ pupa ibojì kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, ó sì lẹ̀ mọ́ ti bàbá. “I don put am. I tell Mummy say na you.”

Jíbọ́lá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ní kó dìde, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ jẹun nílé.

Nílé, Jíbọ́lá tẹ ẹ̀bà, bàbá bu ọbẹ̀ ilá. Láyé Motọ́lání, bàbá kì í yé fi Jíbọ́lá àti Pẹ̀lúmi ṣe yẹ̀yẹ́ pé fọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń jẹ òkèlè bí òyìnbó. Nítorí náà, Jíbọ́lá fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fọ ti ọmọ, ó sì gbé abọ́ omi síwájú bàbá.

Bàbá wo omi náà. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, níbi tí erùpẹ̀ ti pọ́n lójú ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ó rọra ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Pẹ̀lúmi,” ló wí, “bá mi mú fọ́ọ̀kì wá.”