Ìràwọ̀ Méjì Bàbá Ọláyíwọlá

Ní ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 1986, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri ilé ìpàdé àwọn onílé ní àdúgbò kan ní Ìbà. Orúkọ gbogbo onílé àdúgbò ló wà nínú rẹ̀, ogójì géérégé. Ìwé náà ì bá má dá wàhálà kankan sílẹ̀, bí kì í bá ṣe ti ìràwọ̀ kékeré tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ sẹ́yìn orúkọ àwọn mọ́kànlá kan. Mọ́kànlá péré. Àwọn tó kù, ẹ̀yìn orúkọ wọn ṣófo.

Bàbá Ọláyíwọlá wá orúkọ tirẹ̀, ó rí i. Ó wá ìràwọ̀, kò rí i. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún, ó tún wò ó. Kò sí. Ó wá wo orúkọ tó tẹ̀ lé tirẹ̀, orúkọ Bàṣírù télọ̀, aládùúgbò rẹ̀. Ìràwọ̀ wà níbẹ̀, ó dúdú mìnìmìnì.

Bàṣírù fúnra rẹ̀ dúró sítòsí, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọ̀gá ológun.

"Ṣé ẹ rí i, Bàbá?" ó ní. "Àwa tí à ń gbé nítòsí bárékè Ọ̀jọ́, ó yẹ ká mọ ohun tí wọ́n ń fi ìràwọ̀ ṣe. Sójà tí kò bá ní ìràwọ̀ léjìká, omi ni wọ́n máa ń ní kó lọ pọn."

"Kí lo ṣe fún àdúgbò yìí tí wọ́n fi fún ọ?"

"Ìjọba ló mọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé náà ń lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá lára. Òun ló kọ́kọ́ gbẹ́ kànga ládùúgbò yẹn. Òun ni wọ́n ń pè bí tọkọtaya bá ń jà. Nígbà tó délé, Àdìjá ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀bà ka iwájú rẹ̀, ó gé òkèlè kan, ó sì gbàgbé ẹ̀ sọ́wọ́.

"Ẹ̀bà ti ń tutù," Àdìjá ní. "Àbí ìràwọ̀ lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́ ni?"

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá wọ bùbá tó lọ̀, ó di Okokomaiko, níbi kíósì tí Christiana ti ń tẹ lẹ́tà fún aráyé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Christiana, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, kì í gbé ohùn sókè sí àgbà.

"Ìwọ lo tẹ ìwé àwọn onílé?"

"Èmi ni, sà. Ẹ káàárọ̀, sà."

"O gbàgbé ìràwọ̀ tèmi."

Christiana wo ojú rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀.

"Mi ò gbàgbé, sà. Ìràwọ̀ yẹn ni... kò yẹ yín, sà."

"Kí lo wí?"

"Ẹ má bínú, sà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé kò yẹ yín."

"Kò yẹ mí! Ó wá yẹ Bàṣírù, tí ewúrẹ́ rẹ̀ ń sùn ní pálọ̀!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé dé láti Ìjẹ̀bú. Á ṣàlàyé fún yín."

"Mi ò fẹ́ àlàyé. Ìràwọ̀ ni mo fẹ́."

Ó fìdí lé bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, kò sì dìde mọ́. Gbogbo ẹni tó bá yọjú, Bàbá á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ fún un. Ọkùnrin kan tó fẹ́ tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́ gbọ́ ọ dé ìdajì, ó ní òun ń bọ̀, a kò rí i mọ́. Nígbà tí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán, ó sú Christiana. Ó fa ìwé tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba yọ, ó sì tì í bọ inú ẹ̀rọ.

"Tó bá di ọ̀la, ẹ má sọ pé mi ò sọ fún yín, sà."

"Dúró ná," Bàbá ní. "Ẹyọ kan ni Bàṣírù ní?"

"Ẹyọ kan ni, sà."

"Fi méjì sí tèmi."

Ẹ̀rọ náà dún kọ́, kọ́. Ìlà kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìwé yẹn, ṣùgbọ́n kí ni Bàbá fẹ́ lọ wá nísàlẹ̀? Òkè, níbi tí orúkọ rẹ̀ wà, ló tẹjú mọ́. Ẹ̀rín ló bá délé.

Ọjọ́ kẹwàá ni wolé-wolé méjì dé sí àdúgbò, wọ́n wọ kakí. Obìnrin sísanra kan ni ọ̀gá, ọkùnrin gbọọrọ kan ló tẹ̀ lé e. Ilé Bàbá Ọláyíwọlá ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Bàbá dé fìlà, ó gbé àga fún wọn, ó ní kí Àdìjá lọ ra mínírà tútù wá.

"Ẹ̀yin lẹ ní ìràwọ̀ méjì?" obìnrin náà bèèrè.

"Èmi ni o! Méjì gbáko. Kò sí ẹlòmíràn."

"Lóòótọ́, a ò rírú ẹ̀ rí. Ó ti tó ìgbà wo tí ọ̀rọ̀ yín ti rí báyìí, Bàbá?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé Ìbà ni. Kí n sòótọ́ fún yín, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ní Ìsẹ́yìn, bó ṣe ṣe é nìyẹn títí ó fi kú."

"Títí ó fi kú!" Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ìyàwó yín ńkọ́?"

"A jọ wà nínú ẹ̀ ni."

"Ibo lẹ wá máa ń lọ?"

"Èmi? Ibi gbogbo! Okokomaiko, Àjàngbádì, títí dé Ọ̀tọ̀-Àwórì. Kò síbi tí mo dé tí wọn ò ní mọ̀ pé mo dé."

Ọkùnrin gbọọrọ yẹn gbé ẹsẹ̀ sókè, ó yẹ abẹ́ bàtà rẹ̀ wò.

"Lójú ọ̀sán?" ọ̀gá rẹ̀ bèèrè.

"Lójú ọ̀sán gangan! Kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́? Àwọn èèyàn á tiẹ̀ dúró kí mi."

Obìnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé. "Bàbá, ilé ẹjọ́ ló máa gba ọ̀rọ̀ yín."

"Ilé ẹjọ́ kẹ̀? Nítorí pé mo níyì?"

Ó na ìwé orúkọ tí Christiana tẹ̀ sí i, ó fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó sì kà á: ẹni tó bá ní ìràwọ̀, ilé rẹ̀ kò ní ṣáláńgá.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló fi igbe ta, ó di ọwọ́ obìnrin ìjọba mú, ó fà á lọ sẹ́yìnkùlé.

"Ẹ wá wò ó! Símẹ́ńtì ni! Ó ní páànù! Ó ní ilẹ̀kùn! Ẹ wo kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ní àpò mi!"

Obìnrin náà wọlé, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó jáde. "Ó mọ́ ju ti ilé tèmi lọ," ó ní, ó sì fi báírò pa ìràwọ̀ méjèèjì rẹ́. Àdìjá tó gbé mínírà dé ti rẹ́rìn-ín títí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé ilé Bàṣírù, Bàṣírù ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àwọn kan ní ọkọ̀ Àgbádárìgì ló wọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá lọ bá Christiana. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Akọ̀wé ló ní kí n má sọ, kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Òun ló fi àlùmọ́gàjí gé ìsàlẹ̀ ìwé ara ògiri. Ṣùgbọ́n mo ní kò yẹ yín, sà."

Bàbá rò ó wò. Òótọ́ ni. Ó jókòó, ó sì jẹ́ kí ọmọ náà sọ̀rọ̀ dé òpin. Christiana ní àmì yẹn kò ní ìtumọ̀ kan tirẹ̀. Ṣe ló ń sọ fún ẹni tó ń kàwé pé ọ̀rọ̀ ṣì kù nísàlẹ̀, kó lọ wò ó. Nínú ìwé kan, ó lè jẹ́ ẹni tó ti kú. Nínú òmíràn, ó lè jẹ́ ẹni tó máa gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí Ìyá Ọlábísí, tóun náà nílé ládùúgbò, wọlé. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn odi, inú ọkọ̀ ló ti gbọ́ pé ìràwọ̀ ń bẹ, pé Bàbá tiẹ̀ gba méjì. Ẹrù rẹ̀ ṣì wà lórí.

"Christiana! Ìràwọ̀ tèmi dà?"

Bàbá fò dìde. "Ìyá Ọlábísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè ẹ̀. Kò yẹ yín."

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba méjì!" Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó fìdí lé bẹ́ǹṣì. Bàbá la ẹnu láti ṣàlàyé, ìyá na ọwọ́ sí i pé kó pa á dé. "Mẹ́ta ni kó o fi sí tèmi, ọmọ mi."