Ẹni Tí Yóò Jókòó Lápá Òsì

"Mi ò wọ̀ ọ́." Táíwò ti bàtà funfun náà padà síwájú Mọ̀dínátù ìyá rẹ̀. "Bàtà Kẹ́hìndé ni. Tó bá dé láti Àjàṣẹ́, á ní mo ti ba bàtà òun jẹ́."

Mọ̀dínátù wo Sewanu onífọ́tò, Sewanu wo ilẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé Kẹ́hìndé kò sí ní Àjàṣẹ́. Èèyi ló pa á, wọ́n sì ti sin ín kí Táíwò tó dé láti ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Morógbo. Ìyá ọkọ Mọ̀dínátù ló kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún un: bí ìbejì bá gbọ́ pé èkejì òun kú, á tẹ̀ lé e ni. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ àgbà ni Mọ̀dínátù ń gbà gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún un. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn dán nǹkan wò?

Kò sí fọ́tò Kẹ́hìndé kankan nílé. Lọ́dún tí wọ́n san owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, bàbá wọn ra tẹlifíṣàn, ó ra fáànù, ó ra àga onítìmùtìmù. Kò sẹ́ni tó rántí mú àwọn ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù Sewanu létí ọ̀sà. Ta ló ń rò pé ọmọ ń lọ síbì kan?

Sewanu mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá bí ìbejì kan bá kú láìní fọ́tò. Á bo ìdajì ojú kámẹ́rà, á ya Táíwò lápá ọ̀tún. Ọmọ á pààrọ̀ bàtà, á jókòó lápá òsì, Sewanu á bo ìdajì kejì, á tún un yà. Tó bá fọ̀ ọ́ tán, ọmọ méjì ni wọn yóò rí, orúnkún wọn á dọ́gba, ojú wọn á rí bákan náà.

"Ìyá Ìbejì, ẹ dúró ná," ni Sewanu wí. Orúkọ yẹn gún Mọ̀dínátù lọ́kàn. Sewanu wọ yàrá inú, ó mú àwòrán kan jáde. "Mo yà á lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé mò ń wò wọ́n. Mo kà á sí èyí tó bàjẹ́, torí wọn ò wojú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n Máwù Ọlọ́run mọ̀, ó dùn ún wò. Mi ò lè jù ú nù."

Àwọn ọmọ náà jókòó sétí ọkọ̀ ojú omi láìwọ bàtà. Ọ̀kan fara tẹ̀ sí ọ̀tún, èkejì sí òsì, bí awẹ́ obì méjì. Ọ̀kan wà nínú oòrùn, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ojú rẹ̀ pa dé. Òjìji igi àgbọn bo èkejì, ó sì yọ ẹnu síta.

Mọ̀dínátù fọwọ́ kan èyí tó wà nínú òjìji. "Kẹ́hìndé mi rèé. Ọmọ jẹ́jẹ́."

"Èmi nìyẹn," Táíwò wí. "Kẹ́hìndé ló ń rẹ́rìn-ín. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń sá fún akàn."

Mọ̀dínátù tún un wò. Òótọ́ ni. Kẹ́hìndé tó dùbúlẹ̀ àìsàn, tí kò lè sọ̀rọ̀, ló ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ó ti gbàgbé Kẹ́hìndé tó máa ń rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bá a, ó sì sunkún.

"Ká ṣì ya Táíwò lápá méjèèjì?" Sewanu rọra béèrè. "Ìyá àgbà ń retí ẹ̀."

"Rárá o. Tá a bá ya ìyẹn, Táíwò méjì ni màá gbé kọ́ ògiri. Ẹ bá mi fọ èyí."

"Màámi," Táíwò wí, "ìgbà wo ni Kẹ́hìndé ń bọ̀?"

Mọ̀dínátù fà á mọ́ra. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Kò ní padà wá mọ́. Kẹ́hìndé ti kú."

Táíwò gbójú sókè wò ó. "Ṣé kí n lọ bá a ni?"

"Rárá! Ìwọ nìkan ló kù tó mọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Jókòó síbí, kó o sọ fún mi."