Ìkòkò Kẹta Kò Gbọdọ̀ Kan Omi

Zùwáírátù ìyàwó mi kì í lè rí ohun tí òùngbẹ ń gbẹ kó kọjá lọ. Kẹ́ẹ̀gì omi àti ife kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa l'Ágbowó fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Ṣàdákà tó ń ṣe fún ìyá rẹ̀ tó ti kú ni. Omi tó bá ṣẹ́ kù nínú búùtà lẹ́yìn àlùwàlá, ìdí ata ló ń dà á sí.

Fọláyọ̀ gba yàrá kan lọ́wọ́ wa. Yunifásítì ló ń lọ, ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló sì ń kọ́. Nígbà tí òjò fẹ́ dáwọ́ dúró, ó hú koríko kan lórí àpáta nítòsí Ìsẹ́yìn. Ó gbìn ín sí ìkòkò mẹ́ta, ó gbé wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, kò sì bomi rin wọ́n mọ́. Ọyẹ́ dé. Koríko náà ká jọ, ó rí bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó.

"Fọláyọ̀, òkú ń bẹ lọ́dẹ̀dẹ̀. Lọ sin ín," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò kú, Bàbá. Orí òkúta ló ń gbé, kò sí ilẹ̀ tó máa bá a pa omi mọ́. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á rọra jọ̀wọ́ omi ara rẹ̀, á fi ṣúgà dí àyè rẹ̀, kí inú ewé má baà fọ́. Bí òjò bá dé, á mu, á sì tutù padà."

"Ewé tuntun ni á hù?"

"Rárá o. Èyí tí ẹ̀ ń wò yìí náà ni."

Iṣẹ́ tó máa fi jáde nìyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ wà ní gbígbẹ di oṣù kẹta, kó tó bomi rin wọ́n lójú olùkọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá rí omi ṣáájú, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Zùwáírátù kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Fọláyọ̀ lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tó máa fi dé, ìkòkò méjì ti tutù yọ̀yọ̀. Zùwáírátù pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ fi òùngbẹ pa wọ́n! Omi àlùwàlá mi ni mo fi gbà wọ́n là. Wá wò ó!"

Fọláyọ̀ wò ó. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

"Kí ló dé? Ṣé kò dára ni?"

"Ó dára, Mọ́mì. Ẹ ṣeun."

Èmi ni mo ṣàlàyé. Zùwáírátù fọwọ́ bo ẹnu. Ó yíjú sí Fọláyọ̀.

"Ìkẹta ńkọ́?"

Ìkẹta wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Kò rí i nígbà tó ń pín omi.

"Ṣé ẹyọ kan lè tó?"

"Ó máa tó, Mọ́mì. Bí kò bá ṣáà ti kan omi."

Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ṣe àlùwàlá tán, á dúró níwájú ìkòkò náà pẹ̀lú búùtà lọ́wọ́. Á mí kanlẹ̀, á kọjá.

"Ó ń wò mí," ó ní lọ́jọ́ kan.

"Kò lójú."

"Ẹ̀yin lẹ ò lójú àánú, Bàbá Muslimah."

Òjò àkọ́kọ́ dé lọ́sàn-án kan, láìròtẹ́lẹ̀, kí oṣù kẹta tó dé. Fọláyọ̀ wà ní Àpẹ́tẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbé òjò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí n tó rí ọ̀pá mi, Zùwáírátù, tí orúnkún ń dà láàmú, ti sáré jáde. Ó kọ ẹ̀yìn sí òjò, ó fi gbogbo ara bo ìkòkò náà, ó sì ń rọra wọ́ ọ wọlé.

Mo ti ìlẹ̀kùn. Ó jókòó sórí ilẹ̀ pálọ̀. Omi ń kán lára ìborùn rẹ̀, ó sì na ọwọ́ jìnnà sí ìkòkò náà.

"Ẹ bá mi nu ọwọ́ mi."

Mo nu ún gbẹ. Ó fi ìka kan ṣoṣo kan ewé náà. Ó dún bíi bébà.

"Alihamudulilaahi," ó ní. "Kò mu nǹkan kan."