Aáró Bámiṣẹ́ Lábẹ́ Ìjọba Kò-Sí-Dandan

Ní ọdún tí Nàìjíríà gba Kò-Sí-Dandan gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìjọba, owó orí di ìtàn. Alága káńsù tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kadà gbé èrò láti Èrúwà sí Lanlate, ó sì ń sanra. Òfin náà kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi dandan mú ẹlòmíràn ṣe ohunkóhun.

Ní Lanlate, kò sí ẹni tí òfin yìí dùn mọ́ nínú tó Bámiṣẹ́. Ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó jáwọ́ nínú ìdọ̀bálẹ̀. Àgbà tó bá pàdé, ńṣe ló ń juwọ́ sí i. Àwọn mẹ́wàá, Bámiṣẹ́ pẹ̀lú, ló sì ti ń ṣe aáró láti ọdún mọ́kànlá, wọn a ṣe oko ẹnì kan lónìí, wọn a ṣe ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tó kan oko Bàbá Ògúntóyè, Bámiṣẹ́ jókòó sílé, ó sì sọ fún àwọn tó wá pè é.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo lómìnira láti má wá."

Ọjọ́ kẹrin ló kan oko tirẹ̀. Bí ìṣe wọn, ó ti hú ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, òkìtì mẹ́tàdínlógún, kí wọ́n lè wá bá a bó o. Gàrí tí òun àti Keturah ìyàwó rẹ̀ máa jẹ fún odidi ọdún kan ló wà nílẹ̀ yẹn. Ẹ̀gẹ́ tí a hú kì í sì í dúró de ènìyàn. Tó bá di ọjọ́ kẹta, inú rẹ̀ á dúdú. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ, kò sẹ́ni tó wá.

Ó sáré lọ bá Màmá Tàófíìk, ọ̀kan nínú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀gẹ́ mi wà nílẹ̀."

"Mo gbọ́. Ó lómìnira láti wà níbẹ̀."

Nígbà tó délé, Keturah wò ó látòkè délẹ̀. "Ẹ lọ bá Bàbá Ògúntóyè. Ẹ má sì juwọ́ sí wọn o!"

Bàbá ń jẹ ẹ̀kọ níwájú ilé. Bámiṣẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Háà! Ta ló fi dandan mú ọ?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Ẹ̀gẹ́ ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá wọn lórí. "Èmi máa wá. Àwọn yòókù, n ò lè fi dandan mú wọn. Màá kàn sọ fún wọn pé mo ń lọ."

Gbogbo wọn ló wá, kálukú pẹ̀lú òmìnira tirẹ̀. Màmá Tàófíìk gbé àpótí sábẹ́ ọsàn lọ́hùn-ún.

"Ibí ló wù mí. Gbé ẹ̀gẹ́ wá!"

Ẹlòmíràn yan etí odò. Ẹnì kan yan ẹ̀yìn ilé. Bámiṣẹ́ ń ru ẹ̀gẹ́ káàkiri títí ọrùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé sáyà. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n bó o tán, ó funfun, kò sí èyí tó bàjẹ́.

Bàbá Ògúntóyè na ẹ̀yìn. "Ibi tó kàn ọ́ nínú oko mi níjọ́sí, tí o kò wá ro, koríko ṣì bò ó. Lọ́la ni mo fẹ́ ro ó. Kò sí dandan o."

Bámiṣẹ́ nu òógùn ojú.

"Aago mélòó ni kí n ti dé, sà?"