Nọ́ọ̀tì Tí Kì Í Padà Sẹ́yìn

Nínú gbogbo ọyẹ́ tí mo ti rí láyé, ti ọdún tí àwọn ṣójà gba ìjọba padà ló mú jù. Ètè gbogbo wa là. Ìgbà náà gan-an ni pikọ́ọ̀pù Ògúndèyí ọkọ mi dákẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, a sì ń wá ohun tí a ó fi gbé ìyá mi wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.

Ìyá mi ti ṣubú, ìbàdí ti yẹ̀, kò lè jókòó nínú mọ́tò èrò mọ́. Àfi kí a tẹ́ tìmùtìmù sẹ́yìn ọkọ̀ kí ó nà gbọọrọ. Walter, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé wá gbé ìyá àgbà lọ sọ́dọ̀ òun. Kò ní ìkà nínú, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bá a sọ Ìjẹ̀bú ní Kàdúná? Ìyá mi ránṣẹ́ sí mi pé bí òun bá lè dé ọ̀hún, òkú òun ni a ó rí gbà. Àwọn ẹbí wá ní ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ dé ni kó máa gbé e lọ.

Àbúdù ni mẹkáníìkì wa, ará Mọ́bàlùfọ́n, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ilé gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló bàjẹ́. Kó tó dákẹ́, bí ọkọ̀ bá ń lọ, á máa ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Àbúdù tú u, ó fi bíárìn tuntun méjì sí ìdí píníọ̀nù, ìyẹn irin eléyín tó ń yí gíà ńlá inú rẹ̀. Ó ní bí bíárìn yẹn bá dẹ̀, ariwo ò ní tán, eyín á sì ká. Bí ó bá le jù, á gbóná títí á fi jóná. Òrùka irin kan wà láàárín bíárìn méjèèjì tó máa ń fún pọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a bá ń di nọ́ọ̀tì orí píníọ̀nù. Bí o bá dì í kọjá, kò sí pé o fẹ́ dẹ̀ ẹ́ padà. Òrùka tó ti fún ti fún náà nìyẹn, òmíràn lo máa wá. Ẹyọ kan ṣoṣo sì ni dírẹ́bà kan bá wa rí l'Ékòó, torí ohun òkè òkun ti wọ́n.

Bó ṣe ń mọ̀ pé ó tó ni pé ó wé okùn mọ́ orí píníọ̀nù bí ọmọdé ṣe ń wé okùn mọ́ òkòtó, ó fi òṣùwọ̀n onírin tí àwọn ẹlẹ́ja ń gbé kọ́ kọ́ ọ, ó wá ń fà á; bí irin bá ṣe le láti yí tó ni abẹ́rẹ́ á ṣe gòkè tó. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n dé. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, abẹ́rẹ́ ku díẹ̀ kó débẹ̀. Ó ní ojú ti rẹ òun, ojú tó rẹ̀ kì í di nọ́ọ̀tì tí kì í padà sẹ́yìn. Ó lọ sílé.

Nígbà tó dé láàárọ̀ Jímọ̀, ó fi ọwọ́ ra ọwọ́ nítorí òtútù, ó fi sípánà ti nọ́ọ̀tì bí ẹni pé kò tì í, ó fa òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ fò kọjá àmì. Ó tún fà á, bákan náà. Ó jókòó lórí táyà.

"Màmá, mo ti bà á jẹ́," ló wí. "Ó ti kọjá."

Ìyá mi nínú mọ́tò Walter ni mò ń rí. Àbúdù wá dìde, ó ń wá igi tí yóò fi gbá a tú. Ògúndèyí ti ki orín bẹnu, kò rún un, kò tu ú dànù. Ó ní, "Má tíì tú u."

Àbúdù bi í léèrè kí ló dé. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

"Mo fi nǹkan sí i lánàá."

"Bàbá, kí lẹ fi sí i?"

"Epo."

"Epo wo?"

"Epo pupa."

Bó ṣe jáde nìyẹn. Bàbá tó bí ọkọ mi kì í jẹ́ kí irin tó máa ru ènìyàn jáde láìbọ Ògún. Ọkọ mi náà ò lè fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ti fi í sílẹ̀, ojúlé kejì sì ni kátíkíìsì wa ń gbé. Bó bá dà á sára irin lóde, wọn á rí i. Ló bá da kọ́ọ̀bù kan gba ihò inú ilé gíà wọlé, ó nu ojú ibẹ̀, ó wọlé wá jẹun.

Mo ti ìka bọ ihò náà. Ó ti dì, ó le bí àdí. Epo tèmi gan-an nílé ìdáná, ṣíbí ni mo fi ń wa á láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé. Epo dídì ló di irin mú, kì í ṣe nọ́ọ̀tì.

Àbúdù wo ìka mi, ó wo ọkọ mi, ẹ̀rín gbé e lulẹ̀. "Ògún yó tán, ó wá sùn lé bíárìn mi lórí."

Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà má dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúdù ní mọ́ṣáláṣí lòun ń lọ ní tòun, àmọ́ àwọn aláròyé pọ̀ níbẹ̀ náà.

A da kẹrosíìnì sí i, Àbúdù ń yí i, epo ń ṣàn jáde, ní pupa, títí ó fi mọ́. Ó nù ún, ó kán epo gíà sí i, ó so okùn. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó dúró kó tó dé àmì.

"Ó ku díẹ̀," Àbúdù wí.

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ku díẹ̀ lè dùn létí tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà jókòó lórí táyà. Ó ń tì í, ó ń fà á, ó ń tì í, ó ń fà á, títí abẹ́rẹ́ fi bà lé ṣọ́ọ̀kì. Ó rọra gbé sípánà sílẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó sùn sílẹ̀. Ó ní Alámùdùlílàhì, ọkọ mi ní Àmín.

Ní Sátidé, a ti dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, a ti tẹ́ ìyá mi sórí tìmùtìmù kí Walter tó yọ. Mo ti múra ìjà. Ó kàn dọ̀bálẹ̀, ó gun ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù, ó jókòó ti ìyá àgbà, ó ní kí dírẹ́bà òun máa tẹ̀lé wa. Ní gbogbo ọ̀nà, mi ò gbọ́ ohun kan lábẹ́ wa àfi táyà lórí ọ̀dà.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró, ìyá mi lajú.

"Ẹ ò tíì fẹ́ gbéra ni?"

"A ti délé, Ìyá," ni mo wí. Walter àti Ògúndèyí gbé e wọlé.